Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òṣìṣẹ́: Bí Iṣẹ́ Ẹni Ti Ṣe Lè Di Mímọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ nígbà gbogbo ní Ìrémọ, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, àti nínú ọkọ̀ tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òwúrọ̀. Ẹnìkan yóò wí pé, "Ọdún kejìlá mi nìyí ní ipò kan náà, ẹni tí mo fi iṣẹ́ hàn ti di ọ̀gá mi." Èkejì yóò dáhùn pé, "Kí ni o ń retí? O kò ní baba ìsàlẹ̀." Gbogbo àwọn tí ó jókòó yóò mi orí, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Àwa kò gbà pé ó parí síbẹ̀. Òtítọ́ ni pé ojúsàájú wà, a kò sì ní tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn, a rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò kórìíra. Ohun tí ó ṣe wọ́n ni pé àwọn tí ń pín ipò kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ wọn dára, a kò rí i ni. Ìyà èyí kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ náà nìkan, nítorí lórí ipò ni a ti ń ṣírò owó oṣù, lára rẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ ti ń jáde, òun náà ni a sì fi ń wo owó ìfẹ̀yìntì nígbà ogbó.

Bí a bá wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀, kíá ni yóò dá wa lóhùn pé ìgbéraga ni. Yóò rán wa létí pé Ìwé Òwe fẹ́ kí ó jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò yìn wá. Àwọn baba wa pàápàá kò fẹ́ràn afọ́nnu, ẹni tí ó bá sì dúró láàrin ọjà tí ó ń ki ara rẹ̀, ẹ̀rín ni a ó fi í ṣe. A fara mọ́ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀ràn oríkì náà dé ìdí. Ẹni tí yóò ki ènìyàn ní láti mọ ilé tí ó ti wá, kí ó mọ ohun tí baba rẹ̀ ṣe àti ibi tí ìyá rẹ̀ gbé ṣe é. Onírárà tí kò mọ ìdílé ẹni, ariwo lásán ni yóò máa pa. Ẹnu ẹlòmíràn kò lè yin ohun tí kò mọ̀. Ní Ifẹ̀ yìí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìjòyè tirẹ̀, Ọbalúfẹ̀ sì ni olórí Ìrémọ. Bí ará àdúgbò kò bá gbé ọ̀ràn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjòyè, kí ni ìjòyè náà yóò sọ nígbà tí ó bá dé Ẹnuwá?

Nítorí náà a fẹ́ kí a gbé ọ̀ràn ẹnìkan yẹ̀wò, ẹni tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà rò gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá lórí àti ẹlẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́: Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni; a kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún 1822, a sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì di olùkọ́ lábẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. Nígbà tí ó di ọdún 1841 ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ohun tí ó fi hàn pé yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ilé-ìwé bí ẹ̀yin náà ni.

Ní ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya. Ẹgbẹ́ C.M.S. fi ènìyàn méjì sí i: J. F. Schön, àlùfáà kan ọmọ Jámánì, àti Crowther láti ṣe olùrànlọ́wọ́ fún un. Ìrìn àjò náà kò yọrí sí rere. Ibà kọlu àwọn òyìnbó inú ọkọ̀, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọkọ̀ náà sì padà láìṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ rán wọn. Bí a bá fi ojú ẹni tí ó náwó wò ó, òfò ni.

Síbẹ̀ nínú òfò yìí ni a ti rí Crowther. Ẹgbẹ́ C.M.S. ní àṣà kan, pé kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ máa kọ ìròyìn ojoojúmọ́ sínú ìwé, kí ó sì máa fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni àwọn alákòóso fi ń mọ ohun tí ń lọ ní ilẹ̀ tí wọn kò dé rí, wọ́n a sì máa tẹ apá kan nínú wọn sínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́, kí àwọn tí ń dáwó lè kà á. Crowther kọ tirẹ̀ ní gbogbo ìrìn àjò náà. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n dé ìlú kan, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ohun tí ọba ìlú wí, àti èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ. Ní ọdún 1842 a tẹ ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Schön ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá ń wá ìyìn ara ẹni nínú rẹ̀ yóò wá a tì. Ohun tí ó kún ibẹ̀ ni ohun tí ó rí àti ohun tí ó ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Ẹni tí ó kà á ni ó fúnra rẹ̀ mọ irú ènìyàn tí ó kọ ọ́.

Schön pẹ̀lú kò dákẹ́. Ó kọ̀wé sí Ẹgbẹ́ pé ó yẹ kí a mú olùkọ́ yìí wá, kí a kọ́ ọ, kí a sì fi í jẹ àlùfáà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1843 Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi í jẹ díákónì. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún kan náà ó di àlùfáà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, a yà á sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun méjì ni ó pàdé. Bí ó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ Schön nìkan ni, àwọn alákòóso ì bá wí pé ọ̀rẹ́ ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Bí ó bá sì ṣe pé ìwé nìkan ni, ì bá wà nínú àpótí pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé mìíràn. Ohun tí ẹnu sọ, ìwé jẹ́rìí sí i. Ohun tí ìwé sọ, ẹni tí ó fojú rí i wà láàyè láti bura fún un. Kí ni Crowther sì fi ra ẹnu Schön? A kò gbọ́ pé ó gbé iṣu tàbí àgbò lọ sí ilé rẹ̀ ní àkókò ọdún. Nínú ìrìn àjò kan náà ni wọ́n jọ wà nígbà tí ikú ń pa ènìyàn lọ́tùn-ún lósì, Schön sì rí i bí ó ti ń ṣe. Ibi tí iṣẹ́ ti nira ni ẹlẹgbẹ́ ẹni ti ń mọ ẹni. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ àríyá ilé-iṣẹ́ nìkan ni a ń rí wọn, tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ìdí tí a kò fi rántí wọn.

Ǹjẹ́, àwa náà ní ìwé tiwa. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó mọ ìwé àyẹ̀wò ọdọọdún tí a ń pè ní APER, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ yóò kọ iṣẹ́ tí ó ṣe ní ọdún náà kí ọ̀gá rẹ̀ tó kọ ìdájọ́ tirẹ̀ sí i. Báwo ni a ti ń kọ ọ́? Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ni, lórí itan, ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, pẹ̀lú bírò tí a yá lọ́wọ́ ẹnikejì. Olùkọ́ tí ó fi gbogbo ọdún kọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n kà títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, yóò kọ pé, "Mo ṣe iṣẹ́ tí a yàn fún mi." Ọ̀lẹ tí ó wà ní kíláàsì kejì náà kọ gbólóhùn kan náà. Nígbà tí ìwé méjèèjì bá dé iwájú àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí ni a fẹ́ kí wọ́n fi ya wọ́n sọ́tọ̀?

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olúkúlùkù ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kí ó sì máa kọ nǹkan sí i ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta péré. Kí ni mo ṣe? Ta ni ó rí i tàbí tí ó jàǹfààní rẹ̀? Kí ni ó kù? Ní òpin ọdún kò ní í rán irọ́ ní iṣẹ́. Dípò "mo ṣe iṣẹ́ tí a yàn fún mi," yóò lè kọ pé ọmọ mọ́kàndínlógún ni kò lè kàwé ní oṣù kẹsàn-án, pé mẹ́rìnlá nínú wọn ti ń kà á ní oṣù keje, pé ìyáàfin báyìí-báyìí ni ó bá òun kọ́ wọn ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àti pé márùn-ún ṣì kù. Ta ni yóò pe èyí ní ìgbéraga? Ẹni tí ó sọ iye tí ó kù lẹ́yìn, tí ó sì dárúkọ ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́, kò fọ́nnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìpàdé: ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn kí ẹ dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì wá máa sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ní ọ̀nà ilé.

Ọ̀rọ̀ dídárúkọ olùrànlọ́wọ́ yìí gba kí a dúró díẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ Bíbélì Yorùbá, orúkọ Crowther ni ó máa ń wá sí wa lẹ́nu. Ta ni nínú wa ni ó ń rántí Thomas King, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó bá a ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà? Orúkọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ a máa tètè sọnù bí ẹni tí ó wà lókè kò bá tún un pè. Ní yunifásítì, níbi tí ó jẹ́ pé ìwé tí ènìyàn kọ tí a sì tẹ̀ jáde ni a fi ń gbé e ga, tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ibòmíràn láti yẹ̀ wò, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni pé kí ọ̀gá fi orúkọ ara rẹ̀ borí iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí a jí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbàgbé, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí òun náà yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé gbogbo ẹlẹgbẹ́ Crowther ni ó rí bí Schön. Henry Townsend, tí wọ́n jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú ṣe olórí òyìnbó. Ní ọdún 1851 ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lòdì sí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù, a fa ààlà rẹ̀ ní ọ̀nà tí àwọn òyìnbó tí ó wà ní Abẹ́òkúta kò fi ní í bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Crowther kò bá Townsend du ipò náà. Òun gan-an ni ó ń fà sẹ́yìn, kí Henry Venn tó rọ̀ ọ́ títí tí ó fi gbà. Àwa rò pé ìwà yìí ṣe é láǹfààní ju àwíjàre lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yí ọkàn Townsend padà. Ọ̀tá ibi iṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí a gbọ́dọ̀ sọ di ọ̀rẹ́ dandan. Ó tó kí ó má rí ọ̀rọ̀ gidi sọ sí ni.

Venn yìí ni ó mú wa dé ibi tí ó ro wá lọ́kàn jù. Akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S. ni láti ọdún 1841, òun ni ó sì gbà gbọ́ pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà máa ṣe àkóso ìjọ tiwọn. Gbogbo ọ̀nà Crowther ni ó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1873 Venn kú. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ Àjàyí bí Venn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀mí ìgbà náà sì ti yí padà, ìgbéraga àwọ̀ ti gbilẹ̀ láàrin àwọn òyìnbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890 ìgbìmọ̀ owó jókòó ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dúró lójú Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà, láìka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. A kò wí pé gbogbo ẹ̀sùn wọn ni irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a kò tíì bí wọn, wọ́n bá a lò bí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

A kò lè di ẹ̀bi èyí ru Crowther, nítorí ẹ̀bi àwọn tí ó ṣe é ni. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́n yóò rí ohun kan kọ́ níbẹ̀: ìwé rẹ̀ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, àwọn tí ó kà á ni ó ti kú. Baba ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo kò tó. Ní yunifásítì wa, ọdún márùn-ún péré ni òfin fún ọ̀gá àgbà lórí oyè, kò sì lè tún un jẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé a máa kúrò níbí lọ sí ìlú mìíràn nígbàkúùgbà. Ẹni tí ó fi gbogbo ìrètí rẹ̀ kọ́ ọrùn ẹnìkan, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ, ó di àlejò ní ọ́fíìsì tí ó ti lò ní ogún ọdún. Nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé, ẹ má ṣe dúró títí àwọn ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ yóò fi sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún un. Ẹ lọ kí i, kí ẹ sì fi ìwé kan ṣoṣo hàn án tí ó ní iṣẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ yín àti ibi tí ẹ bá a dé.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe òkè nìkan ni kí a máa wò. Akọ̀wé tí ń to fáìlì, ẹni tí ń gbá ilẹ̀, ìránṣẹ́ tí ń gbé lẹ́tà, ọ̀dọ́mọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, gbogbo wọn ní ẹnu. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni kò sọnù bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà kò rí ìdí tí yóò fi dìde. Àwa Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo àkókò àti fún gbogbo iṣẹ́. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àwọn arábìnrin wa tí ó jẹ́ olùkọ́ ni a sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní pàtàkì, nítorí a ti kọ́ wọn láti kékeré pé obìnrin rere kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àwọn ni ó ń gbé iṣẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé wa ró, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ka orúkọ àwọn tí ó ṣe é, a máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọkùnrin. Kí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dárúkọ ara wọn lẹ́nì kìíní-kejì nínú ìpàdé. Ohun tí ojú bá ti ẹnìkan láti sọ nípa ara rẹ̀, kí arábìnrin rẹ̀ bá a sọ ọ́.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ẹni tí kò ní Schön ńkọ́? Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Ìwé mẹ́fà ni ó kà mọ. Ní àkókò tí kò sí iṣẹ́ kan fún un láti jẹ́ ni ó ń kọ ìtàn. Ó rí ìkéde ẹgbẹ́ kan tí ń tẹ ìwé onígbàgbọ́, ó sì fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe irú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá a fi í ránṣẹ́ sí ilé Faber ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1952. Ní ọdún 1979 Yunifásítì Ifẹ̀ pe ìránṣẹ́ àná yìí wá láti bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó. Ẹ máa ka ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni, orí ògiri náà ni ọ̀nà tirẹ̀ wà.

Ohun kan ló kù, ó sì kéré lójú: ohunkóhun tí ẹ bá kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di olùṣọ́-àgùntàn ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899 a fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, lọ bèèrè ní ọdún 1900, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn gbé e sí. Samuel kú ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n ó ti fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ àti àwọn ìwé ìrántí rẹ̀ sílẹ̀ nílé, Obadiah sì jókòó tì wọ́n, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 ó fi í sínú ọkọ̀ Appam láti Èkó. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lórí òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé náà nínú rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Obadiah kú ní ọdún 1920. Ní ọdún 1921 ìwé náà jáde, orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì wà ní ojú ewé rẹ̀ kìíní.